Ogún Ọmọdé, Ogún Oko: Àgbéyẹ̀wò Ìrántí Eré Ọmọdé ní Oko Bàbá Àgbà nínú Lítíréṣọ̀

Ìfáàrà

Òwe Yorùbá kan sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ìtumọ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ mọ́ òwe yìí ni pé bó pẹ́ bó yá, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré yóò tú ká: ọ̀kan yóò lọ sílé ọkọ, ọ̀kan yóò gba ìdálẹ̀ lọ, ikú yóò sì mú òmíràn. Òwe náà kò sọ ibi tí eré ti wáyé. Kò sì sọ ẹni tí yóò ròyìn eré náà nígbà tí ogún ọdún bá pé. Ohun méjèèjì tí òwe fi sílẹ̀ láìsọ yìí gan-an ni ó jẹ lítíréṣọ̀ ìgbà èwe lógún.

Ó ti pẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé ọmọ Yorùbá ti ń kọ̀wé nípa ìgbà èwe wọn, yálà ní èdè Yorùbá tàbí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀, ibùdó kan wà tí ó ń yọjú lemọ́lemọ́: oko tàbí abúlé bàbá àgbà, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ti máa ń pàdé ṣeré. Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì fi ń wo ibùdó yìí. Wọ́n kà á sí ibi adùn, ibi tí kò sí wàhálà, tí èso igi wà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ìtàn òṣùpá kò sì lópin. Iṣẹ́ lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ parí síbẹ̀. Ìlànà ìfojú ìbáraẹnigbépọ̀ wo lítíréṣọ̀ ni àgbéyẹ̀wò yìí gùn lé, kókó tí ó sì fẹ́ fi hàn kò ju ọ̀kan lọ. Ọmọ méjì ni ó máa ń wà nínú eré oko: ọmọ tí ó wá lo ọlidé, àti ọmọ tí ó bá oko níbẹ̀ tí ó sì dúró sí oko. Ọwọ́ ọmọ àkọ́kọ́ ni gègé ìkọ̀wé bọ́ sí. Bí òǹkọ̀wé bá ṣe lo ọmọ kejì nínú ìtàn rẹ̀ ni ó ń fi bí ìrántí náà ti jinlẹ̀ tó hàn.

Ìwé mẹ́ta ni yóò jẹ́ òpómúléró ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní 1990. Èkejì ni Aké tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 1981, tí Ìṣọ̀lá yìí kan náà sì túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Ẹ̀kẹta ni A Mouth Sweeter Than Salt tí Tóyìn Fálọlá kọ ní 2004. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra ní ìhun, wọn kò sì jọra ní èdè. Ṣùgbọ́n ibi tí asọ̀tàn dúró sí láti wo oko nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yẹ fún ìfiwéra.

Oko àti Ilé gẹ́gẹ́ bí Ibùdó Ìtàn

Ní ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá, oko kọjá ibi tí a ń dá iṣu àti kòkó sí. Ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìwó àti ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá mìíràn, ìdílé a máa ní agboolé ní ìgboro, wọn a sì tún ní abà tàbí abúlé ní ọ̀nà oko. Ẹni tí ó fi ọdún méjìlá gbé abà ṣì ń pe ìgboro ní ilé. Ilé ni ó ń lọ bí ọdún egúngún bá dé; ilé ni ó ń gbé òkú rẹ̀ lọ; ilé ni ó ti ń gbéyàwó fún ọmọ rẹ̀. Èyí ni òwe fi sọ pé ilé làbọ̀ sinmi oko. Oko ni ibi làálàá, ilé ni ibi ìsinmi.

Ọmọ ọlidé ni ó yí òwe yìí sódì. Ilé tirẹ̀ ni ibi làálàá: ilé-ìwé wà níbẹ̀, pàṣán olùkọ́ wà níbẹ̀, omi pípọn àti ọjà kíkiri wà níbẹ̀. Nígbà tí ó bá dé oko bàbá àgbà ni ó tó sinmi. Nítorí náà, nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà tí ó sì kọ̀wé, oko tí ó ń ròyìn jẹ́ oko tí a yọ iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ó ń pa. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ nìkan ni.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ibùdó yìí fi ń yí nǹkan padà. Èébú ni 'ará oko' jẹ́ lẹ́nu ará ìgboro. Ẹni tí kò lajú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ìgboro bá ti wọ inú igbó, òun gan-an ni ó di ẹni tí kò lajú. Kò mọ wèrèpè yàtọ̀ sí ewé mìíràn títí ara yóò fi máa yún un. Kò mọ̀ pé kí òun fo ọ̀wọ́ ìjàlọ dá. Kò mọ̀ pé bí èèyàn bá kọ́kọ́ jẹ agbáyun, ọsàn kíkan yóò dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Ọmọ tí ó ń gbé oko ni olùkọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré, ẹni tí ìgboro ń fi ṣẹ̀sín di ọ̀gá, ẹni tí ó mọ̀wé di ọmọ ẹ̀yìn. Ìyípadà ipò yìí ni ó fún àwọn ìtàn eré oko ní agbára jù lọ. Òǹkọ̀wé tí ó bá fojú fò ó ti sọ ohun tí ó níye lórí jù nù.

Ọ̀rọ̀ Ìbátan: Èdè Yorùbá kò ní 'Kọ́sìn'

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kó ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, ọmọ àbúrò bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá àti ọmọ àbúrò ìyá pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ẹni tí ó dàgbà ju ẹnì kejì lọ, kò sì sọ bóyá ìhà bàbá tàbí ìhà ìyá ni ìbátan náà ti wá. Lónìí, 'kọ́sìn' ti wọ ẹnu àwọn ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nínú agboolé, àti pàápàá ní abà bàbá àgbà, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Ẹ̀gbọ́n wà, àbúrò wà. Ọmọ ìyá wà, ọbàkan wà. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ kan ṣàgbà ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n ni, kì báà jẹ́ pé bàbá ẹni àkọ́kọ́ ni àbúrò bàbá ẹnì kejì.

Ètò yìí kì í dẹwọ́ bí eré bá bẹ̀rẹ̀. Òun gan-an ni òfin eré. Nígbà tí àwọn ọmọ bá pa òkété kan, tí wọ́n sì yan án, àbúrò ni yóò pín in, ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ mú. Nínú ìlànà kékeré yìí ni ọgbọ́n ńlá wà, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ pé òun ni yóò mú kẹ́yìn yóò rí i dájú pé ìpín náà dọ́gba. Ọmọ tí ó bá kọ́ èyí nídìí òkété ti kọ́ ohun tí yóò lò nígbà tí ó bá di àgbà nínú ẹbí.

Orúkọ náà tún kan ọ̀rọ̀ yìí. Oríkì ni bàbá àgbà àti ìyá àgbà fi ń pe ọmọ ọmọ wọn: Àkànní, Àjàní, Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́. Orúkọ tí olùkọ́ fi ń pe ọmọ náà ní ilé-ìwé, tí ó lè jẹ́ Sámúẹ́lì tàbí Ràṣídì, lè má tilẹ̀ rọrùn lẹ́nu ìyá àgbà. Ẹni méjì ni ọmọ náà jẹ́ nígbà náà, orúkọ kan fún ìwé, orúkọ kan fún oko. Bí ó bá di òǹkọ̀wé, orúkọ ti ìwé ni ó máa ń wà lẹ́yìn ìwé rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n dúró sí oko kì í sábà ní ju oríkì àti orúkọ àbísọ lọ nínú ìtàn, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní orúkọ rárá.

Ìṣòro tí èyí dá sílẹ̀ fún olùtumọ̀ hàn gbangba. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ wádìí ọjọ́ orí àti ìhà tí ìbátan ti wá kí ó tó lè kọ gbólóhùn kan ní èdè Yorùbá. Èdè Yorùbá kò gba olùtumọ̀ láyè láti fi àjọṣe àwọn ọmọ náà bò. Ní ìhà yìí, ẹni tí ó bá kọ ìrántí eré oko ní èdè Yorùbá ti ní àǹfààní tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní: ọ̀rọ̀ ìbátan fúnra rẹ̀ ti ń sọ ìtàn kí asọ̀tàn tó lanu.

Eré láàrin Iṣẹ́

Àìlera tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìrántí eré oko ni kí òǹkọ̀wé máa to orúkọ eré lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ka ọjà: bojúbojú, ẹkùn mẹ́ran, arìn, ọ̀kọ̀tọ́, ìjàkadì, ayò. Òtítọ́ ni pé eré ni gbogbo wọn, àkọsílẹ̀ wọn sì wúlò. Ṣùgbọ́n tító wọn báyìí kò fi bí eré ṣe ń bẹ láyé hàn. Ní oko, àlàfo iṣẹ́ ni eré ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ kòkó jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Àkókò tí kòkó ń pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, èyí sì bọ́ sí àsìkò tí ọlidé Kérésìmesì ń kó àwọn ọmọ ìgboro wá sí abúlé. Àgbàlagbà ni ó ń fi àdá ká kòkó, tí ó sì ń fọ́ ọ. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń jókòó yí òkìtì kòkó ká, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kó èso inú rẹ̀ jáde. Èso náà ní omi funfun tí ó dùn lára. Ọmọdé a máa lá a bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó náà fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kí ó lè kan, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Ọmọdé ni wọ́n ń fi ṣọ́ kòkó tí a sá. Bí òjò bá ṣú, ariwo a ta, gbogbo ọmọ a sáré wá palẹ̀ kòkó mọ́. Nígbà tí òjò kò bá ṣú, ìdí kòkó yẹn náà ni wọ́n ti ń ta arìn, tí wọ́n sì ti ń dá ọ̀kọ̀tọ́ sí ojú yíyí. Ẹni tí ó bá ròyìn arìn láìròyìn kòkó ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ lílé rí. Ọmọdé ni wọ́n ń rán lọ sí oko ọkà tàbí ìrẹsì láti lé ẹyẹ, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi rọ̀. Kànnàkànnà tí ó fi ń lé ẹyẹ ni ó fi ń dán ojú wò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Orin tí ó ń kọ kí oorun má baà gbé e lọ ni orin eré. Ẹ̀bìtì tí ó dẹ sẹ́bàá oko, tí ó fi ẹkùrọ́ sí nídìí, eré ni lójú rẹ̀. Ẹran ọbẹ̀ ni lójú ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó lè fa ìlà sáàrin iṣẹ́ àti eré.

Ibi tí ìlà wà ni àárín àwọn ọmọ fúnra wọn. Ọmọ ọlidé lè dìde nídìí kòkó nígbà tí ọwọ́ bá ń dùn ún, ìyá àgbà yóò sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé àlejò ni. Ọmọ tí ń gbé oko kò lè dìde. Bí ọlidé bá parí, ọmọ ìgboro yóò wọ ọkọ̀ lọ, kòkó yóò sì kù sílẹ̀ fún ẹni kejì. Lójú ọmọ ìgboro, oko jẹ́ eré tí iṣẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lójú ọmọ oko, iṣẹ́ ni, eré díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, ní pàtàkì nígbà tí àwọn ọmọ ìgboro bá dé.

Ta ni 'A'? Ojú Ìwòye Asọ̀tàn

Arọ́pò-orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìrántí eré oko ni 'a'. Ó rọrùn, ó sì ń mú inú òǹkàwé dùn, nítorí pé ó ń fi ìṣọ̀kan hàn. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ ni ó lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí asọ̀tàn bá wí pé, 'A lọ yẹ ẹ̀bìtì wò', ó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè ẹni tí ó dẹ ẹ̀bìtì náà. Bí ó bá wí pé, 'A sá kòkó', ó yẹ kí ó béèrè ẹni tí ó sá a ní ọ̀sẹ̀ tí ọlidé parí. 'A' lè jẹ́ àwọn ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n jọ ṣe nǹkan. Ó sì lè jẹ́ ọmọ kan tí ó ń wo àwọn mẹ́sàn-án tí ń ṣe é.

Ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Kí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ó wọ́pọ̀ kí àgbẹ̀ yan ọmọ kan tàbí méjì fún ilé-ìwé, kí ó sì fi àwọn yòókù sí oko. Owó kòkó tí àwọn tí ó wà ní oko jọ ṣiṣẹ́ fún ni wọ́n fi san owó ilé-ìwé ẹni tí ó lọ. Ìrántí eré oko tí ẹni tí ó lọ yìí wá kọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn jẹ́ ìwé tí iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra gègé rẹ̀.

Bí a bá fi èyí wo ìwé mẹ́ta tí a dárúkọ, ìyàtọ̀ yóò hàn. Nínú Aké, ọgbà míṣọ́n ní Abẹ́òkúta ni ilé ọmọ náà. Ìsarà, ìlú bàbá rẹ̀, níbi tí ìdílé ń lọ ní ìparí ọdún, ni òǹkọ̀wé fi hàn bí ibi tí ènìyàn fi ìgbésẹ̀ mélòó kan padà sínú ayé àtijọ́ láti dé. Bàbá àgbà ni òpó ibẹ̀. Òun ni ó mú kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí ara ọmọ náà fún ààbò. Ojú ìwòye yìí dára, ó sì bá èrò ọmọ míṣọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé Ìsarà ní àkókò kan náà kò gbé nínú ayé àtijọ́. Òní ni Ìsarà jẹ́ fún un. Àlejò nìkan ni ó lè rí ilé ẹlòmíràn bí ayé àná.

Nínú ìwé Fálọlá, ọmọ ìgboro Ìbàdàn ni asọ̀tàn, ó sì dé abúlé Ẹlẹ́po ní ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ tí ó jẹ́ pásítọ̀. Ohun tí ó mú ìwé yìí yàtọ̀ ni pé asọ̀tàn gbà pé òun ni òun kò mọ̀, pé abúlé ní ẹ̀kọ́ tí òun gbọ́dọ̀ kọ́. Bákan náà, abúlé rẹ̀ kò dúró sí ojú kan bí àwòrán ara ògiri. Wàhálà ilẹ̀ àti owó-orí wọ inú rẹ̀, ìwé kejì tí ó sì kọ ní 2014 gbé àwọn abúlé yìí kan náà wọ inú ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ti 1968 sí 1969. Òǹkàwé tí ó bá ka ìwé méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé àwọn tí wọ́n kọ́ ọmọ náà ní oko ni wọ́n dìde nígbà tí owó-orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Adùn oko àti ìbínú oko kò jìnnà síra.

Ní ti Ogún Ọmọdé, ìtàn àròsọ ni, kì í ṣe ìtàn ìgbésí-ayé tààrà, ṣùgbọ́n ẹni tí a bí ní 1939 ní abúlé Lábọ̀dé nítòsí Ìbàdàn ni ó kọ ọ́. Abúlé ni ààrin gbùngbùn ayé nínú ìwé náà. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò wá lo ọlidé. Wọ́n wà nílé ara wọn. Nítorí náà, òǹkọ̀wé kò nílò láti máa ṣàlàyé oko bí ohun àjèjì, èdè rẹ̀ kò sì dúró láti yà lẹ́nu. Ẹ̀fẹ̀ inú ìwé náà ń ti ìwà àwọn ọmọ jáde, kò ti àìlajú ẹnikẹ́ni jáde. Ó hàn níhìn-ín pé èdè tí a fi kọ ìwé ní ọwọ́ nínú ibi tí asọ̀tàn dúró sí. Ẹni tí ó ń kọ̀wé fún òǹkàwé tí kò rí ahéré rí gbọ́dọ̀ dúró ní ìta ahéré láti ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ̀wé fún ọmọ Yorùbá lè jókòó sínú ahéré.

Àwọn kan lè sọ pé ìbéèrè wọ̀nyí ti le jù fún ìrántí ọmọdé. Wọ́n lè sọ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kò mọ ẹni tí ó san owó ilé-ìwé rẹ̀, àti pé bí òǹkọ̀wé bá fi ìmọ̀ àgbà sí ọmọdé lẹ́nu, ìtàn yóò bàjẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ọmọ inú ìtàn mọ̀ kí òǹkàwé tó mọ̀. Ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ ti tó: ojú ọgbẹ́ àdá lára ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n tí ó ń gbé oko, ìbéèrè tí ó bi àlejò nípa ilé-ìwé, tí ó sì yára fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ tí ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé àwọn ọmọ ìgboro. Òǹkọ̀wé tí ó bá fi irú ohun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìtàn kò ní láti wàásù. Òwe sì tún ti sọ ọ́ pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí yóò ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ìrántí tí kò yọjú wo ojú ẹnì kejì rí jọ ọmọ inú òwe yìí.

Eré àti Ogún

Ìfọ̀rọ̀dárà kan wà nínú àkọlé ìwé Ìṣọ̀lá tí ó yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ wò dáadáa. Ohùn kan náà ni 'ogún' tí ó jẹ́ iye àti 'ogún' tí ọmọ ń jẹ lẹ́yìn bàbá rẹ̀ gbà. Òwe ni ó fún àkọlé náà ní ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí òǹkàwé lọ́wọ́ láti gbọ́ ìtumọ̀ kejì: ohun tí ìgbà èwe fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ti dàgbà. Ìtumọ̀ kejì yìí ni ó so eré oko mọ́ ilẹ̀ oko.

Ọ̀nà méjì ni àwọn Yorùbá fi ń pín ogún. Ìdí-igi ni kí wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tí ó bímọ fún olóògbé, kí ìdí kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan. Orí-ò-jorí ni kí wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ. Nígbà tí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1962, ìdájọ́ náà fi múlẹ̀ pé ìdí-igi jẹ́ apá pàtàkì nínú àṣà ogún pípín Yorùbá, àti pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà parí ìjà bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀.

Bí a bá fi ojú yìí wo eré, ohun kan yóò yọ jáde. Orí-ò-jorí ni eré. Nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣe bojúbojú, wọn kì í pín ara wọn sí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan. Orí kọ̀ọ̀kan ni ó ń sá pamọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń yan òkété, ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ìyá ẹni. Ìdí-igi ni ogún. Nígbà tí bàbá àgbà bá kú, àwọn tí wọ́n jọ ṣeré nídìí kòkó yóò padà sí ìdí ìyá oníkálukú, ẹni tí ó wà ní ìgboro yóò sì wá béèrè ìpín rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń roko náà fún ogún ọdún. Òwe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún ọlọ́gbọ́n láti parí ni pé ogún gan-an lè jẹ́ ohun tí yóò tú eré wọn ká.

Ìdí nìyí tí ìrántí eré oko fi jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Ó jẹ́ àkọsílẹ̀ àkókò kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ ìdílé kan fi jẹ́ ẹgbẹ́, kí ìwé, owó àti ilẹ̀ tó pín wọn níyà. Òǹkọ̀wé tí ó bá ròyìn adùn rẹ̀ nìkan kò tíì sọ ìdí tí adùn náà fi ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó bá sì ròyìn ìpínyà nìkan ti gbàgbé pé adùn náà wáyé ní tòótọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé oko bàbá àgbà nínú lítíréṣọ̀ ìgbà èwe ju ibi eré lọ, àti pé ohun mẹ́ta ni lámèyítọ́ lè fi wọn irú ìrántí bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ ìbátan tí òǹkọ̀wé lò, bí ó ṣe so eré mọ́ iṣẹ́, àti ẹni tí ó wà nínú 'a' rẹ̀. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a yẹ̀ wò kò fara jọra lórí ohun mẹ́ta yìí, ìyàtọ̀ wọn sì ti ibi tí asọ̀tàn dúró sí wá.

Ọ̀rọ̀ náà kan iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá. Lára àkọlé tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ jù fún àròkọ asọ̀tàn ni bí ó ṣe lo ọlidé rẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ bí a ṣe ń ròyìn oko láìròyìn ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Olùkọ́ lè fi ìbéèrè mẹ́ta kún àkọlé náà: Kí ni orúkọ àti oríkì àwọn tí ẹ jọ ṣeré? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀? Ta ni ó dẹ ẹ̀bìtì náà? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn wọn kò ní lè kọ àròkọ tí ó ṣófo mọ́.

Ní ti ìwádìí, iṣẹ́ púpọ̀ ṣì kù. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún báyìí. Lára wọn ni àwọn tí wọ́n dúró sí oko wà, àwọn tí wọ́n dẹ ẹ̀bìtì tí ẹlòmíràn fi kọ̀wé. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan àti sùúrù akẹ́kọ̀ọ́ kan ti tó láti gba ìtàn wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi ṣeré náà. Nígbà tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ tó láti fi wé àwọn ìwé tí ó wà nílẹ̀ ni a ó tó mọ iye ohun tí ó wà nínú 'a'.